Láti Ìbàdàn dé Adó lórí alùpùpù: bí ọjọ́ kan ṣe lọ

5:10 ìdájí, Ìbàdàn

Fóònù ló bá mi tọ́jú aago ọjọ́ náà. Àwòrán àkọ́kọ́ tí mo yà ni ti ṣéènì alùpùpù mi lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, torí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì kó bá mi wò ó bóyá ó ti dẹ̀ jù. Mẹkáníìkì kò tíì jí. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé ṣéènì náà sókè sódò. Ohun tó ti kọ́ mi ni pé kó máa mì tó ìwọ̀n ìka méjì: tó bá dẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè bọ́ lórí eré; tó bá le gbagidi, òun àti bẹ́árìn ni yóò jọ jìyà ẹ̀. Mo ta epo sí i, mo fi àtàǹpàkò tẹ táyà méjèèjì, mo dán bíréèkì wò, mo wo iná ẹ̀yìn. Boxer 150 ni, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń gbérò káàkiri ìlú. Kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí tiwọn ju pé èmi nìkan ni mò ń gùn ún.

Oṣù kẹrin ọdún ni, àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Adó-Èkìtì ni mò ń lọ, kí n gba Ifẹ̀ àti Iléṣà, kí n sì yà sí oko ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bàá Erinmọ. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láàárọ̀ á ti jẹun ọ̀sán l'Ádòó. Èmi fún ara mi ní gbogbo ọjọ́.

5:45, Gbági

Kò sí ìgbà tí Ìbàdàn dùn ún gun alùpùpù kọjá bí ìdájí. Láti Ìwó Road títí dé ọjà Gbági, ibi tó jẹ́ pé tó bá fi máa di aago mẹ́jọ ẹsẹ̀ ò ní gbèrò níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣófo gbayawu. Ẹni tó wà nínú mọ́tò ń wo ìlú ni; ẹni tó wà lórí alùpùpù ń gbóòórùn rẹ̀. Epo àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, èéfín ààtàn tí wọ́n ti ń jó láti òru, búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Níbi tí igi bá pọ̀ sí, afẹ́fẹ́ á tutù lójijì, tó bá sì di ẹ̀bá ilé alájà, á tún lọ́ wọ́ọ́rọ́. Awọ ara ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n.

6:30, Aṣejire

Lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá ni kùrukùru bẹ̀rẹ̀. Ó nípọn jù níbi tí títì bá ti rẹlẹ̀. Nígbà tí mo fi máa sún mọ́ Aṣejire, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun kí Ìbàdàn lè rí omi mu, títì tí ojú mi ká níwájú kò gùn tó ilé mẹ́rin. Èémí mi bo gíláàsì akoto láti inú, ìrì bò ó láti ìta. Mo ṣí i díẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí mi lójú. Iná ńlá kò wúlò nínú kùrukùru. Ṣe ló máa ń kọlu omi inú afẹ́fẹ́, tí á sì padà wá bá ẹni tó tàn án lójú. Iná kékeré ni mo tàn, mo ń fi eré pẹ̀lẹ́ tẹ̀ lé ìlà funfun etí títì.

Ẹ̀rù ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò bà mí tó ti ohun tó dúró síwájú: tírélà tó kú sójú ọ̀nà lóru, tí kò níná ẹ̀yìn, tí wọ́n kàn gé ẹ̀ka igi lé títì kí ará ẹ̀yìn lè mọ̀. Mo pàdé ọ̀kan. Ẹ̀ka igi ni mo kọ́kọ́ rí, ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo dín eré kù, mo yà, ìgbà yẹn ni ìdí tírélà náà tó yọ.

Ọ̀nà yìí ní ìtàn. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ wà lára ohun tó mú Wọlé Ṣóyínká jà fún ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà fi dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, tí wọ́n sì fi Ṣóyínká ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo máa ń rántí èyí tí mo bá rí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà nínú aṣọ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kódà nígbà tí wọ́n bá ń bi mí léèrè ìwé.

7:20, Ìkirè

Kùrukùru ká, oòrùn bọ́ sójú mi tààrà. Ìlà-oòrùn ni à ń kọjú sí láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, ẹni tó bá sì jáde láàárọ̀ kò lè sá fún un. Mo dúró l'Íkirè kó lè gòkè díẹ̀. Ta ni yóò sì dúró l'Íkirè tí kò ní ra dòdò? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá pípọ́n ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á fi ata sí i, wọ́n á sì dín in nínú epo pupa títí á fi dúdú. Èyí tí mo rà ṣì gbóná nínú ewé.

Ìyá tó tà á wo akoto mi, ó wo ìbọ̀wọ́, ó wo jákẹ́ẹ̀tì.

“Ọkọ mi, ṣé ogun lò ń lọ ni?”

Mo ní rárá, Adó ni.

“Lórí eléyìí? Háà. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ o.”

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ alùpùpù láàárín ara wa nìyẹn: àdúrà ni, tàbí èpè. Ìwé ìròyìn kì í dárúkọ rẹ̀ àfi tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tàbí tí ìjọba bá fòfin dè é. L'Ékòó, òfin ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò láwọn títì ńláńlá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020, wọ́n lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà pátápátá. Ní oṣù kẹfà 2022, wọ́n tún òfin náà kà létí àwọn èèyàn. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé òfin náà kò nídìí. Mo kàn rí i pé nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí pé nǹkan náà dùn. Ó dùn. Ibi tó ti dùn náà ló ti léwu, torí kò sí ohun tó wà láàárín ẹni àti ọjọ́.

8:40, Ifẹ̀

Mo ra epo, mo kọjá.

10:05, Iléṣà

Kí n tó wọ ìlú, ìdí alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í jó sọ́tùn-ún sósì. Táyà ẹ̀yìn ń tú. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹsẹ̀ á máa yún un láti tẹ bíréèkì, bẹ́ẹ̀ bíréèkì gan-an ló lè gbé e ṣubú. Ọwọ́ iná ni kéèyàn rọra tú sílẹ̀, kó di ọwọ́ méjèèjì mú ṣinṣin láìfún un pa, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ pa eré. Ká ní táyà iwájú ni, ọ̀rọ̀ ì bá le jù bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ fọkanáísà fi irin tú u, ó rí ìṣó kékeré kan tó ti dípẹtà. Ó rẹ tíúbù sínú agbada omi kó lè rí ibi tó ń hó, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí n má sanwó kí n tó gùn ún wò. Mo san án ṣáájú.

12:15, Iléṣà

Oòrùn ti wà ní àtàrí. Níwọ̀n ìgbà tí alùpùpù bá ń sáré, atẹ́gùn á máa gba ọwọ́ jákẹ́ẹ̀tì wọlé, ara á tutù. Ìgbà tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bá dé ni ìyà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń gbóná mọ́ mi lórúnkún, òógùn ń ṣàn lábẹ́ akoto, ọ̀dà títì ń rùn. Àwọn ọlọ́kadà wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. N kò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi. Awọ ara kì í bá títì jà kó ṣẹ́gun.

Nírú ìgbà báyìí mo máa ń ro ti Kúnlé Adéyanjú, tó gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó ní 2022, láti fi wá owó tí wọ́n á fi gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Èmi ń ráhùn ní Iléṣà.

1:50 ọ̀sán, lẹ́yìn Ìwárajà

Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé. Ó ń fẹ́ láti ọwọ́ òsì, mo sì ní láti fi alùpùpù dà sí i díẹ̀ kó lè máa lọ gbọọrọ. Táńkà kan ń bọ̀ lódìkejì. Bó ti kọjá ó gba atẹ́gùn náà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, alùpùpù fò sí òsì, lẹ́yìn náà atẹ́gùn tún gbá mi padà. Ojú ọ̀run dúdú kirimù níhà òkè Èfọ̀n.

Òjò tó tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kọ́kọ́ ń ta sórí akoto, gbà, gbà, lẹ́yìn náà ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀nà máa ń yọ̀ jù. Gbogbo epo tí ọkọ̀ ti ń kán sílẹ̀ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń léfòó sórí omi, kò sì tíì ráyè ṣàn lọ. Ìlà funfun tó gbà mí láàárọ̀ ti di ọ̀tá, torí ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ń yọ̀ ju títì lọ. Bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídúró, nítorí gbogbo ìwúwo máa ń rọ́ síwájú tí a bá ń dúró. Ṣùgbọ́n nínú òjò, ẹni tó bá fún un pa lójijì á bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ìka méjì ni mo gbé lé e, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ti ẹ̀yìn pẹ̀lú rẹ̀, mo sì fàyè gbọọrọ sílẹ̀ láàárín èmi àti mọ́tò iwájú. Kòtò tí omi bá kún, n kò gbà á. Kò sẹ́ni tó mọ bó ti jìn tó.

Nígbà tí ààrá sán, mo yà sábẹ́ búkà kan. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́rin ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, a jọ ń gbọ̀n. Ọ̀kan bọ́ bàtà, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin náà sá? Ṣebí ẹ ti múra ogun.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

3:40, ọ̀nà oko

Ọ̀nà oko ẹ̀gbọ́n mi kò ní ọ̀dà. Lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ pupa náà ti di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ táyà títí ojú táyà fi dí tó sì dán bọ̀rọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan dé lẹ́yìn mi, ó di àpò ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn, ìyá arúgbó kan jókòó láàárín.

“Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná.”

Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó ká ìró sókè, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ ní tirẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú táyà ẹ̀yìn kí táyà lè fẹ̀ sílẹ̀ kó sì di ẹrẹ̀ mú. Ó fi sí jíà kejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń rábàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fi tẹlẹ̀, kò sì gbé wọn sókè. Ọwọ́ iná rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Orí alùpùpù ń mì sọ́tùn-ún sósì, ó kàn ń wò ó, àfi bí ẹni ń da ewúrẹ́ tí kò fẹ́ bínú sí. Kò fọwọ́ kan bíréèkì iwájú títí ó fi dé orí ilẹ̀ líle, tó wá yíjú padà sí mi.

“Ọ̀gá, ẹ má bá a jà o. Ẹ jẹ́ kó máa jó.”

Mo jẹ́ kó jó. Ó jó mi dé oko. Ẹ̀gbọ́n mi fún mi lóúnjẹ, kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ń wo ẹrẹ̀ tó bò mí dé orúnkún.

5:35 ìrọ̀lẹ́, òkè Èfọ̀n

Nítorí ibi yìí ni mo ṣe gun alùpùpù.

Òkè ló yí Èfọ̀n-Aláayè ká, títì sì ń lọ́ láàárín wọn. Òjò ti dá, afẹ́fẹ́ tutù, ewé ń kán. Lórí ọ̀nà tó lọ́, ojú ló ń wa alùpùpù: ibi tí èèyàn bá tẹjú mọ́ ló ń lọ. Ẹni tó bá ń wo kòtò á wọ kòtò. Ẹni tó bá ń wo ibi tí kọ́nà parí sí á bọ́ síbẹ̀. Ohun kan sì wà tí ọwọ́ ń ṣe tí ọ̀pọ̀ wa kì í fura sí: lórí eré, tí a bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún là ń tì síwájú díẹ̀, alùpùpù á sì dà sí ọ̀tún fúnra rẹ̀. Mo dín eré kù kí n tó wọ kọ́nà, mo wà ní jíà kẹta, mo dà, mo wo iwájú, mo fún un níná bí kọ́nà ti ń ṣí. Lẹ́yìn náà òmíràn. Òkúta wẹ́wẹ́ àti iyẹ̀pẹ̀ tí àgbàrá wọ́ sójú títì wà níbì kan, mo ti rí wọn láti òkèèrè, mo gba inú. Níbi ìsọ̀kalẹ̀, n kò fi bíréèkì nìkan dá a dúró, torí bíréèkì tó bá gbóná jù kì í gbọ́rọ̀ mọ́. Jíà kékeré ni mo fi mú un.

Fún bí ìdajì wákàtí, n kò ronú owó, n kò ronú iṣẹ́. Àyè ò sí.

Mọ́tò akérò kan ya mí sílẹ̀ lórí kọ́nà tí kò ti rí iwájú. Orí ló yọ òun àti èrò rẹ̀.

6:55, Aramọ̀kọ

Òjò ti lé ẹ̀sùnsùn jáde. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ni wọ́n ń tẹ̀ lé iná mi, wọ́n ń fọ́ sára gíláàsì akoto, ìyẹ́ wọn ń lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi ìbọ̀wọ́ nù ún, ó wá burú sí i: ọ̀rá ni. Mo ní láti dúró kí n fi omi pọ́ọ̀wọ̀tà fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, iná ńlá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni wàhálà mi. Mo ń wo etí títì lọ́wọ́ ọ̀tún títí wọ́n á fi kọjá.

8:05 alẹ́, Adó

Nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnì, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bíi pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi gbé iyán àti ẹ̀gúsí kalẹ̀, ó wo aṣọ mi, ó wo ojú mi.

“Bọ̀dá, mọ́tò mélòó ló kúrò n'Íbàdàn lónìí?”

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun ná. Ọkọ rẹ̀ ti wà níta, ó jókòó lórí alùpùpù mi, ó ń bi mí láti ojú fèrèsé pé báwo ni ọ̀nà òkè Èfọ̀n ṣe rí báyìí.