Súpáṣájà: Láti Ilé Ìhunṣọ Dé Inú Páálí

Ẹ́ńjìnnì kì í jó epo kọjá ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó bá rí mí. Kí gíráàmù pẹtiróòlù kan tó jóná tán, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi gíráàmù 14.7. Ẹ́ńjìnnì lásán máa ń fa afẹ́fẹ́ yìí fúnra rẹ̀: bí písítìnì bá ti sọ̀kalẹ̀, àyè á ṣófo lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta á sì rọ́ wọlé. Súpáṣájà ni ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ náà wọlé ju bí ẹ́ńjìnnì ti lè fà á lọ, bí ẹwìrì ṣe ń ṣe fún iná alágbẹ̀dẹ. Ara kiránkì ni ó ti ń gba agbára, nípasẹ̀ bẹ́líìtì tàbí jíà. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí túbò, tó jẹ́ pé èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ sí i, epo náà lè pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì kékeré á sì máa ṣe iṣẹ́ àgbà. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún pọ̀ máa ń gbóná, ooru náà sì lè mú kí epo gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀, kí ó máa lu písítìnì títí yóò fi fọ́. Ìtàn súpáṣájà, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní, fẹ́rẹ̀ẹ́ má jù bí wọ́n ṣe ń wá ojútùú sí ooru yìí lọ.

Ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ní Connersville, ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, Philander àti Francis Roots, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n ní ilé ìhunṣọ onírun àgùntàn, ń wá ọ̀nà tí omi yóò fi máa yí ẹ̀rọ wọn dáadáa. Wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ méjì sínú àpótí kan, ọ̀kan ń yí sọ́tùn-ún, èkejì ń yí sósì, wọn kò sì fara kan ara wọn. Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ náà wá wúlò fún jù. Wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1860, àwọn tó ń yọ́ irin rà á fún iná ìléru wọn, àwọn awakùsà náà sì rà á kí afẹ́fẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Orúkọ Roots kò tíì kúrò lára irú súpáṣájà yìí dòní.

Gottlieb Daimler ní Jámánì ti ronú kan títi afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì nínú ìwé ẹ̀tọ́ tí ó gbà ní 1885. Ẹni tó kọ́kọ́ fi í borí nínú ìdíje ni Lee Chadwick, tó ń ṣe ọkọ̀ ní Pottstown, Pennsylvania. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1908, ọkọ̀ rẹ̀ onísìlíńdà mẹ́fà, tí Willy Haupt wà, gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje gígun òkè Giants Despair nítòsí Wilkes-Barre. Iléeṣẹ́ Chadwick kógbá sílé lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ọkọ̀ òfuurufú ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí bàálù bá ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i, ẹ́ńjìnnì á sì máa rẹ̀; nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń jagun ń wá oògùn rẹ̀. Ìmọ̀ tí àwọn onímọ̀ Daimler rí níbẹ̀ ni wọ́n gbé wọ inú ọkọ̀ ilẹ̀. Ní 1921, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Berlin, wọ́n gbé Mercedes méjì tó ní súpáṣájà síta fún títà. Ọgbọ́n tiwọn yàtọ̀: súpáṣájà kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ ìtẹ̀sẹ̀ epo dé ilẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì kékeré kan á tó so ó mọ́ kiránkì, afẹ́fẹ́ á gba inú kabúrétọ̀ kọjá, ọkọ̀ á sì ké tóò. Igbe yẹn ni wọ́n fi ń mọ Mercedes SSK tí Ferdinand Porsche ṣe. Àsìkò díẹ̀ ni wọ́n sì fàyè gbà á fún. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ jù yóò ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1923, ní Monza, Fiat tí Carlo Salamano wà gba ìdíje Grand Prix ti Ítálì, òun sì ni ọkọ̀ onísúpáṣájà àkọ́kọ́ tí yóò gba Grand Prix. Láàárín ọdún díẹ̀ kò sí ẹni tó jẹ́ wá síbẹ̀ láìní in: Sunbeam, Alfa Romeo, Delage, títí kan Bugatti.

England ni yíyan súpáṣájà ti di ìjà láàárín àwọn ará ilé kan náà. W. O. Bentley, tó dá iléeṣẹ́ Bentley sílẹ̀, kò fẹ́ fojú kan ẹ̀rọ náà. Èrò tirẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń fẹ́ agbára, kí ó ṣe ẹ́ńjìnnì tó tóbi, Speed Six rẹ̀ tó jẹ́ lítà 6.5 sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Sir Henry Birkin, tí ayé mọ̀ sí Tim, wà lára àwọn awakọ̀ rẹ̀, kò sì gbà. Ẹ́ńjìnnì lítà 4½ tó wà nílẹ̀ ló fẹ́, kí wọ́n kàn so súpáṣájà tí Amherst Villiers yàwòrán rẹ̀ mọ́ ọn. Dorothy Paget, ọmọbìnrin olówó kan, ló náwó sí i, Welwyn Garden City sì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé e sí orí kiránkì gan-an, níta gbangba níwájú rédíétọ̀. Agbára ẹṣin 110 di 175 lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tà, ó sì di 240 lára èyí tí wọ́n fi ń díje. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò lè gbé e bẹ́ẹ̀: wọ́n ní láti rọ kiránkì tó lágbára jù, kí wọ́n sì pààrọ̀ písítìnì. Òfin ìdíje Le Mans tún ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe 50 irú rẹ̀ fún títà, W. O. Bentley sì di ẹni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ó kórìíra.

Ẹjọ́ rẹ̀ ló jàre. Ní Le Mans 1930, Blower méjèèjì tó jáde (orúkọ tí wọ́n ń pe Bentley onísúpáṣájà náà nìyẹn) kò parí ìdíje, Speed Six ló gbà á. Birkin rí ipò kejì ní Pau lọ́dún yẹn, ní 1932 ó sì fi Blower oníjòkòó kan sá eré máìlì 137.96 ní wákàtí ní Brooklands, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá rí lórí ọ̀nà yípo ibẹ̀. Àmọ́ òkìkí kì í tẹ̀ lé èsì ìdíje dandan. Blower ni Ian Fleming gbé fún James Bond nínú ìwé àkọ́kọ́ tí ó kọ nípa rẹ̀ ní 1953, pẹ̀lú orúkọ Villiers nínú ìwé náà.

Lára àwọn ọkọ̀ Grand Prix tí súpáṣájà fún lágbára gan-an ni Alfa Romeo 159. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.5 lọ, síbẹ̀ súpáṣájà méjì tó ń ti afẹ́fẹ́ bọ́ sínú ara wọn mú kí ó ní agbára ẹṣin tó tó 425 ní 1951. Ọtí mẹ́táánọ́ọ̀lù ni ó ń mu, nítorí pé ó máa ń mú inú ẹ́ńjìnnì tutù bí ó ti ń gbẹ di afẹ́fẹ́, lítà kan kò sì lè gbé e dé kìlómítà kan. Ìyẹn ló pa á. Ní Silverstone, oṣù Keje ọdún yẹn, José Froilán González fi Ferrari lítà 4.5 tí kò ní súpáṣájà kankan ṣẹ́gun rẹ̀. Alfa Romeo kó ẹrù rẹ̀ ní òpin ọdún.

Àwọn tó gbé súpáṣájà dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni àwọn ọ̀dọ́ California lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. General Motors ní irú ẹ́ńjìnnì dísù kan tí kò lè mí fúnra rẹ̀ rárá. Bí kò bá sí ohun tó ń fẹ́ èéfín jáde nínú rẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́. Fún ìdí èyí, Roots kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ: 6-71 jẹ́ ti sìlíńdà mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ínṣì oníhà mẹ́fà 71. Ó wà lára bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ akẹ́rù, àti ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí etíkun. Lẹ́yìn ogun, ó kún ibi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù. Barney Navarro wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tú irú rẹ̀ kékeré, 3-71, kúrò lára dísù, tó sì gbé e lé orí Ford V8.

Kò sí páálí, kò sí ìwé ìtọ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti fúnra rẹ̀ ṣe ìjókòó rẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, kí ó wá púlì, kí ó sì to bẹ́líìtì bíi mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí ọ̀kan ṣoṣo yóò máa yọ̀. Ìgbà tí bẹ́líìtì eléyín dé ni wàhálà yẹn tó rọlẹ̀. Ohun tó kù ni pé bí iná bá ṣẹ́ padà sínú àdàpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ tó wà nínú súpáṣájà, gbogbo rẹ̀ lè fò kúrò lórí ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ NHRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951 fún ìdíje eré títọ́, fi ń béèrè pé kí wọ́n fi okùn alágbára dè é mọ́lẹ̀.

Robert McCulloch ni ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí. Láti 1937 ló ti ń ta súpáṣájà tí ẹni tó ni Ford V8 lè rà kí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Tirẹ̀ kì í ṣe Roots: abẹ̀bẹ̀ kan tó ń yí kíákíá ló wà nínú rẹ̀, ó sì kéré débi pé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń gbé. Èyí tí ó gbé jáde ní 1953, VS57, di ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ń rà: Kaiser fi í sọ agbára ẹṣin 118 di 140 ní 1954, ó wà lára Studebaker Golden Hawk ní 1957, irú rẹ̀ mìíràn wà lára Ford Thunderbird lọ́dún kan náà, lábẹ́ orúkọ Paxton sì ni ẹni tó bá ń ra Shelby GT350 ní 1966 fi lè béèrè fún ìran rẹ̀. 

Lẹ́yìn náà ni ọjà tutù. Epo di ọ̀wọ́n ní 1973, òfin èéfín le, túbò tó ń lo èéfín tí wọn ìbá dànù sì dùn mọ́ àwọn oníṣirò ju ẹ̀rọ tó ń jẹ lára agbára kiránkì lọ. Kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ló jí súpáṣájà dìde. Kabúrétọ̀ kò lè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ lójijì. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, ó ń bu epo sí i, ó sì ń fa iná pọ́lọ́ọ̀gì sẹ́yìn bí ooru bá ti fẹ́ kọjá àyè. Ford gbé Roots tí iléeṣẹ́ Eaton ṣe sára Thunderbird ní 1989, Jaguar àti Mercedes tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ Mercedes tòkunbọ̀ tí wọ́n kọ Kompressor sí lẹ́yìn, tó gba Cotonou dé Èkó, súpáṣájà ló wà nínú wọn.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń tà lónìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó yẹ. Ti Roots máa ń ti afẹ́fẹ́ láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń rìn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbóná. Onískúrù méjì, tí Alf Lysholm ará Sweden mú wá ní àwọn ọdún 1930, máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ara rẹ̀, ooru rẹ̀ sì dín. Irú rẹ̀ ni Whipple àti Kenne Bell ń tà. Oníabẹ̀bẹ̀ kan, ọmọ ìyá ti McCulloch, ni ti Vortech àti ProCharger: agbára rẹ̀ ń pọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yára, nítorí náà kò kán ẹ́ńjìnnì lójú nígbà tí ẹsẹ̀ bá rọ̀. Fún ẹ́ńjìnnì tí kò tíì sẹ́ni tó tú u rí, òun ló rọ̀ jù láti so.

Púlì orí súpáṣájà ló ń sọ bí yóò ṣe le tó. Bí ó bá ti kéré ni súpáṣájà á ti yára. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi púlì tó ń mú pọ́n-ùn 6 sí 8 wá lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan ránṣẹ́. Nígbà tí agbára afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ pọ́n-ùn 14.7, pọ́n-ùn 7 jẹ́ bí ìdajì afẹ́fẹ́ mìíràn, àmọ́ ooru àti ohun tí bẹ́líìtì ń jẹ kì í jẹ́ kí agbára pọ̀ tó ìdajì.

Iṣẹ́ síso rẹ̀ ní ètò. Wọ́n á yọ orí bátìrì, wọ́n á tú epo tó há sínú páìpù sílẹ̀, wọ́n á da omi rédíétọ̀ nù, wọ́n á sì tú ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ àtijọ́. Aṣọ mímọ́ ni wọ́n fi ń dí ihò sìlíńdà lójú kan náà, torí nọ́ọ̀tù kan tó bá já síbẹ̀ ti tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Lára Corvette tó ń lo ẹ́ńjìnnì LS, wọ́n máa ń lu ihò sí etí kiránkì kí wọ́n fi ìṣó irin kan púlì mọ́ ọn, nítorí kò sí ohun tó dì í mú tẹ́lẹ̀ ju bóòtù lọ. Àwọn Vortech kan ń mu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ní láti lu ihò sí abọ́ ọ́ìlì kí ó lè ṣàn padà. Nọ́súù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, pọ́ǹpù epo tó lágbára, pọ́lọ́ọ̀gì tó tutù, àti ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù níwájú rédíétọ̀ ló tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tún kọ gbẹ̀yìn, ẹni tó bá sì tẹsẹ̀ mọ́ epo kí wọ́n tó kọ ọ́ ń wá òkú ẹ́ńjìnnì ni.

Ní California, òfin ọkọ̀ abala 27156 kò fàyè gba ohunkóhun tó bá yí ètò èéfín ọkọ̀ padà, àfi tí CARB, àjọ tó ń bójú tó afẹ́fẹ́ ìpínlẹ̀ náà, bá ti dán an wò tí ó sì fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn máa ń wà lórí sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò lè rí i. Súpáṣájà tí kò bá ní in, ọkọ̀ ìdíje nìkan ni wọ́n lè tà á fún níbẹ̀.