Kánò Nínú Odi: Ìtàn Ohun Tí Àwọn Ẹbí Ń Lọ Wò

Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹbí rẹ̀ lọ wo Kánò, tó sì fẹ́ mọ ìtàn ohun tí wọn yóò rí níbẹ̀, kò lè rí ìtàn náà kà lójú kan. Apá kan wà nínú Ìwé Ìtàn Kánò, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa àwọn ọba ìlú náà tí wọ́n kọ ní èdè Lárúbáwá, tí H. R. Palmer túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1908. Apá kan wà nínú ìwé àwọn arìnrìnàjò òyìnbó. Èyí tó kù wà lẹ́nu àwọn tó ń mú àlejò káàkiri, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í fìgbà gbogbo dọ́gba. Àpilẹ̀kọ yìí kó wọn jọ, ó sì sọ èyí tó yẹ kí a gbà níbi tí wọ́n bá ti takora.

Òkè Dálà ni ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Ìwé Ìtàn Kánò sọ pé Barbushe, ọdẹ tó fi kùmọ̀ pa erin tó sì gbé e rù wálé, ti ń bọ òrìṣà Tsumburbura, kí Bagauda tó di ọba àkọ́kọ́ ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 999.

Orí odi tó yí ìlú ká gan-an ni àríyànjiyàn ti pọ̀. Ẹnu kò pé Gijimasu, ẹni tí Palmer fi ìjọba rẹ̀ sáàárín 1095 àti 1134, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹnu kò kò lórí ẹni tó parí rẹ̀. Ìwé Ìtàn Kánò dárúkọ Tsaraki, tó jọba láti 1136 sí 1194, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń kọ fún àlejò lóde òní dárúkọ Zamnagawa, ọba àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá. Tsaraki ló yẹ kí a gbà, nítorí pé àkọsílẹ̀ tó dárúkọ rẹ̀ ló dàgbà jù. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò pọn dandan kí ẹnì kankan purọ́, torí pé amọ̀ ni odi náà, òjò a sì máa wó amọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọba tó bá tún un mọ láti ìdí lè gba ìyìn ẹni tó parí rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé Muhammadu Rumfa ló mọ gbogbo rẹ̀ kò rí ẹ̀rí kankan tó tì wọ́n lẹ́yìn, nítorí ohun tí ìwé náà sọ ni pé ó fẹ̀ ẹ́ sí i, láti ẹnubodè kan dé èkejì, tó fi mọ́ Kofar Mata, Kofar Na'isa àti Kofar Kansakali. (Kofar ni wọ́n ń pe ẹnubodè ní èdè Haúsá.)

Ṣùgbọ́n bí Rumfa kò bá tilẹ̀ dá odi sílẹ̀, ìjọba rẹ̀, láti 1463 sí 1499, ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí àwọn ọmọdé ń wò ní Kánò ti ṣẹ̀ wá, ó sì tọ́ kí òbí sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Òun ló kọ́ ààfin tí wọ́n ń pè ní Gidan Rumfa, níbi tí Ẹ́míà, ìyẹn ọba Kánò, ń gbé títí di òní, òun náà ló sì dá ọjà Kurmi sílẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti há débi pé òbí gbọ́dọ̀ di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú láàárín àwọn tó ń ta awọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti agbọ̀n. Gidan Makama, ilé alámọ̀ tó kọjú sí ààfin, tó ti di mùsíọ́mù báyìí, ni ìtàn sọ pé Rumfa gbé kí ó tó kó lọ sí ààfin tuntun náà. Ìwé Ìtàn Kánò tún ka kàkàkí, abẹ̀bẹ̀ àti bàtà oníyẹ̀ẹ́ ògòǹgò mọ́ àwọn ohun tó mú wọ ààfin, ó sì sọ pé nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kírun Yídì ní gbangba ní Shadakoko.

Láti inú ọdún Yídì yìí ni ìran ẹlẹ́ṣin ti wá, èyí tí àwọn kan ń sọ pé àwọn òyìnbó amúnisìn ló dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní ibì kan, nítorí pé láti Íńdíà ni àwọn òyìnbó ti gbé orúkọ náà, Durbar, wá, wọ́n sì máa ń fi irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀ yẹ́ àwọn aláṣẹ wọn sí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Kánò ní orúkọ tiwọn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, Hawan Sallah, Hawan Daushe àti Hawan Nassarawa (gígun ẹṣin ni hawan), àṣà tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń kí ọba sì jẹ́ ti ogun: wọ́n á sá eré àsápajúdé bọ̀ wá síwájú rẹ̀, wọ́n á fa ìjánu lójijì, eruku á bo ẹsẹ̀ ẹṣin, wọ́n á sì na ọwọ́ tàbí idà sókè. Òyìnbó fún un lórúkọ. Ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà ti wà nílẹ̀.

Kòtò aró Kofar Mata ń fi 1498 ṣe ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì sí èrè nínú bíbá ọdún náà jà nígbà tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wà níwájú ẹni. Wọ́n ń da omi, ẹ̀lú, eérú àti kán-ún sínú kòtò tó jìn tó mítà mẹ́fà, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó kan. Aṣọ tí aláró bá fà jáde máa ń dà bí ewé tútù, kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ ẹ, kí ó tó di aró lójú àwọn tó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn yóò fi kùmọ̀ igi lù ú títí yóò fi máa dán. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ àwọn aláró Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta yóò rí ìyàtọ̀ kíákíá, nítorí pé obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ náà nílé, inú ìkòkò ni wọ́n sì ń ṣe é, nígbà tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin ní Kofar Mata. Ẹnu kòtò kò ga kúrò nílẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ọmọ kékeré dá rìn níbẹ̀.

Nínú àwọn arìnrìnàjò òyìnbó, Hugh Clapperton, tó wọ Kánò ní 1824, wọ aṣọ ológun ojú omi rẹ̀ kí ìlú lè wò ó, ṣùgbọ́n òwò ni kálukú ń bá lọ, kò sí ẹni tó yíjú sí i. Ilé fọ́nká láàárín oko àti adágún ló sì rí nínú odi. Oko wọ̀nyí kì í ṣe àṣìṣe, nítorí pé ìlú tó ní oko nínú odi kò ní tètè rí ebi bí ọ̀tá bá dó tì í. Heinrich Barth ní tirẹ̀ gun Òkè Dálà ní 1851, ó ya àwòrán ìlú láti orí rẹ̀, ó sì fojú bu àwọn ará ìlú sí nǹkan bí 30,000. Àwọn ẹbí tó ń gun òkè náà lónìí láti wo ìlú ń ṣe ohun tí Barth ṣe.

Ní February 1903, nígbà tí Ẹ́míà Aliyu wà ní Sókótó, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Kánò. Frederick Lugard, ẹni tó ń ṣàkóso Àríwá Nàìjíríà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé odi náà ga tó ọgbọ̀n sí àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, pé ìdí rẹ̀ sì nípọn tó ogójì. Rélùwéè dé ní 1911, Sabon Gari sì dìde lẹ́yìn odi fún àwọn àlejò láti gúúsù, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn.

Láti ìgbà náà ni odi ti ń dínkù, nítorí pé àwọn ènìyàn ń wa amọ̀ rẹ̀ láti fi kọ́lé, ilé sì ti gorí ọ̀pọ̀ nínú ibi tó gbà kọjá. Ìjọba Audu Bako, gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Kánò nígbà kan, dá ọgbà ẹranko sílẹ̀ lẹ́yìn odi. Ní 2007 Nàìjíríà fi odi náà sórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà. UNESCO gba Durbar Kánò sínú àkọsílẹ̀ àṣà ìran ènìyàn ní December 2024, ṣùgbọ́n nítorí awuyewuye lórí oyè láàárín Muhammadu Sanusi II àti Aminu Ado Bayero, àwọn ọlọ́pàá dá ìran náà dúró nígbà Iléyá 2024 àti nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀ 2025, nítorí náà ó yẹ kí ẹbí tó ń lọ nítorí ẹṣin béèrè dáadáa kí wọ́n tó san owó ọkọ̀.