Ta Ni Ó Pín Ìbéèrè? Ìtàn Ìdíje Ìmọ̀ láti Amẹ́ríkà dé Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

Ní ọ̀pọ̀ CEG àti líísè ilẹ̀ wa, nígbà tí ọ̀sẹ̀ àṣà bá dé, bí a ti ń ṣe eré ìtàgé tí a sì ń gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ náà ni a máa ń ṣe ìdíje ìmọ̀ tí a mọ̀ sí Génies en herbe. Ikọ̀ méjì á kọjú sí ara wọn, olùkọ́ kan á máa ka ìbéèrè, àwọn ọmọ kíláàsì á máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn tiwọn. Orúkọ náà ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi rò pé láti Paris ni ó ti wá. Kì í ṣe Paris. Ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí a tọ̀ ọ́ padà, nítorí pé ọ̀ràn kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gidigidi: ẹni tí ó bá pín ìbéèrè láàárín àwọn ẹ̀kọ́ ni ó ń pinnu ohun tí a ó kà sí ìmọ̀, òun náà ni ó sì ń pinnu irú ọmọ tí a ó máa pè ní ọlọ́gbọ́n.

Ará Amẹ́ríkà kan, Don Reid, ni ó dá eré náà sílẹ̀. Ní ọdún 1953 ni rédíò NBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde láàárín àwọn yunifásítì. Ní 1959 ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n CBS, Allen Ludden sì ni olùdarí rẹ̀. Básíkẹ́ẹ̀tì ni Reid wò tí ó fi ṣe òfin eré náà. Bí a ti ń ju bọ́ọ̀lù sókè láàárín ẹni méjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣe jẹ́ ti ikọ̀ méjèèjì: ẹni tí ó bá yára tẹ agogo ni yóò dáhùn. Ikọ̀ tí ó bá gbà á ni a ó fún ní ìbéèrè ẹ̀bùn, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ gbìmọ̀ lé lórí. Òfin méjì yìí kò tíì kúrò nídìí eré náà títí di òní.

Ìfagagbága kan wà tí àwọn tí ó fẹ́ràn eré yìí kì í gbàgbé. Ní oṣù kẹta ọdún 1966, Agnes Scott College, ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan fún àwọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ Georgia, pàdé Princeton olókìkí. Àmì 220 sí 215 ni àwọn ọmọbìnrin náà fi borí, ìdáhùn tí ó sì gbé wọn lékè bọ́ sí ìgbà tí àkókò fẹ́ tán pátápátá. Lójú tèmi, irú nǹkan báyìí kì í ṣẹlẹ̀ níbi tí ìbéèrè bá ti rọ̀ sí apá kan. Nígbà tí a bá fọ́n ìbéèrè káàkiri oko ìmọ̀, okìkí ilé ẹ̀kọ́ ńlá kò lè bo gbogbo oko náà.

Ní England, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Granada bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1962, wọ́n pè é ní University Challenge, Bamber Gascoigne sì ni ó ń bi ìbéèrè títí di 1987. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ti di ariwo. Ní 1975, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Manchester jókòó sórí ètò náà, wọ́n sì ń dá ìbéèrè lóhùn pẹ̀lú orúkọ àwọn ajàjàgbara: Marx, Lenin, Trotsky, Che Guevara. Wọn kò ya dìndìnrìn. Ohun tí ó ń bí wọn nínú ni pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ní Oxford àti ní Cambridge lè mú ikọ̀ tirẹ̀ wá, nígbà tí yunifásítì yòókù ní ikọ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹni méjì bá jọ ń jẹun nínú àwo kan, tí ọ̀kan sì ní ọwọ́ púpọ̀, kí ni a ó ti pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀? Ìdọ́gba iye ikọ̀ ni àwọn ọmọ Manchester ń bèèrè, èyí tí ojú lè rí. Ìdọ́gba àwọn ẹ̀kọ́ kì í hàn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni ó fi pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jà fún un.

Kánádà ni orúkọ tiwa ti wá. Ní 1961, tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdíje ilé ẹ̀kọ́ girama lédè Gẹ̀ẹ́sì, Reach for the Top. Ní 1972, Radio-Canada gbé ti àwọn elédè Faransé kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni Génies en herbe. Àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn: ó dé Haiti, ó dé Senegal, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Òfin eré dé pẹ̀lú rẹ̀, agogo dé pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí kò bá a dé ni tábìlì ìpín, ìyẹn ìwé tí ń sọ iye ìbéèrè tí ó tọ́ sí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fúnra wọn wá a. Nígbà tí eré orí tẹlifíṣọ̀n kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1970, eré náà kò kú nínú àwọn yunifásítì, ṣùgbọ́n àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ìbéèrè ti fúyẹ́ jù. Láti 1991 ni àwọn tí a mọ̀ sí ACF ti ń ṣe ìdíje tiwọn. Ní 1996, NAQT dé, tí ó ń kọ ìbéèrè fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama pẹ̀lú. Ẹ wo bí ACF ṣe pín in. Nínú 20 ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ìfagagbága kan, lítíréṣọ̀ ní 4, ìtàn ní 4, sáyẹ́ǹsì ní 4, iṣẹ́ ọnà ní 3. Ẹ̀sìn, ìtàn ìwáṣẹ̀, filosófì àti ìmọ̀ àwùjọ gba 1 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kù ni jọ́gíráfì, ọ̀ràn tí ń lọ lọ́wọ́ àti àwọn nǹkan mìíràn jọ ń pín. Ìpín náà kì í ṣe àṣírí. Ikọ̀ tí ó bá ń bọ̀ ti mọ̀ ọ́n kí ó tó gbéra nílé.

Jọ́gíráfì kò tilẹ̀ rí odidi ìbéèrè kan gbà níbẹ̀! Ní ọ̀dọ̀ wa, òun ni ó sábà máa ń kún inú igbá: olú ìlú Mongolia, olú ìlú Peru, odò tí ó gùn jù. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìbéèrè olú ìlú rọrùn láti kọ, ó rọrùn láti kà, kò sì sí ẹni tí yóò bá ọ jiyàn lórí ìdáhùn rẹ̀. Olùkọ́ tí a sọ fún ní òwúrọ̀ pé kí ó mú ìbéèrè 20 wá kí oòrùn tó wọ̀, kí ni kí ó tún ṣe? Bí ó bá sì jẹ́ pé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń mú ìbéèrè wá bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti yá tó, ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí ó yá jù ni yóò borí, kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù.

Ìṣirò ni ó ṣòro jù láti fún ní ipò. ACF kì í bèèrè ìṣirò tí a ó gbé bírò ṣe rárá, mo sì rí ọgbọ́n wọn: irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé dáhùn títí a ó fi kà á tán, lẹ́yìn náà ó di eré sísá. Gánà gba ọ̀nà mìíràn. Ìdíje sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Marian Ewurama Addy kọ́kọ́ darí, kò ní ju ẹ̀kọ́ mẹ́rin lọ: ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísìrì àti bàyọ́lọ́jì. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan, ọmọ méjì méjì, ìpele kan sì wà tí a fi ń fún wọn láyè láti jókòó ti ìṣòro kan kí wọ́n kọ ojútùú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Gánà sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé sáyẹ́ǹsì ni àwọn fẹ́ gbé ga, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Èmi kò lòdì sí ìdíje tí ó dúró lórí ẹ̀ka kan, bí ó bá ti jẹ́wọ́ ẹ̀ka tirẹ̀. Èyí tí ń pe ara rẹ̀ ní ìdíje ìmọ̀ gbogbo, tí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ olú ìlú, ni mo ń bá wí.

Ìpele ìkẹyìn ní Gánà yóò pa àwọn àgbà wa lẹ́rìn-ín: àlọ́ ni. Olùdarí á máa ṣàpèjúwe ohun kan díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ní gbólóhùn àkọ́kọ́ á gba àmì 5, ní ìkejì 4, lẹ́yìn náà 3. Àwa tí a dàgbà sídìí àlọ́ àpamọ̀ mọ eré yìí dáadáa. Tábìlì ìpín kò sí nínú tiwa, ṣùgbọ́n ìdọ́gba wà níbẹ̀: olúkúlùkù ni àpá àlọ́ ń kàn. Ọmọ àgbẹ̀ á mú tirẹ̀ wá láti oko, ọmọ aláró á mú tirẹ̀ wá láti ìdí ìkòkò aró, kò sí ẹni tí ó lè sọ gbogbo àlọ́ di ti oko.

Ní ilé ẹ̀kọ́, a mọ ìpín dáadáa, a kàn ń pè é ní coefficient ni. Ọmọ série C mọ̀ pé ìṣirò àti PCT ni yóò gbé òun kọjá ní BAC, ọmọ série D ń rọ̀ mọ́ SVT, ọmọ série A ń rọ̀ mọ́ lítíréṣọ̀ àti filosófì. Ìdíje ìmọ̀ ni ibi díẹ̀ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti lè jókòó sí tábìlì kan náà kí ọ̀kan máa gba ọ̀kan là. Bí ìbéèrè bá dọ́gba, ikọ̀ tí ó gbọ́n yóò mú ọmọ méjì láti C àti D, yóò mú ọ̀kan láti A, yóò sì wá ọ̀kan tí ń ka ìwé ìròyìn. Bí kò bá dọ́gba, ọmọ oríṣi kan náà ni a ó kó wá, àwọn yòókù á sì lọ jókòó láàárín àwọn tí ń pàtẹ́wọ́.

Ìdọ́gba mìíràn tún wà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Emmanuel Mounier pe ilẹ̀ wa ní Quartier latin de l'Afrique nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ Dahomey, orúkọ náà sì dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tí wọ́n kàwé lábẹ́ Faransé lè ka Seine, Loire, Garonne àti Rhône lórí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè odò Okpara tí kò jìnnà sí Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn kan ń dábàá pé kí a dá ìpín kan yà sọ́tọ̀, kí a pè é ní Àṣà Yorùbá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìgun ilé ni a ń gbé ohun tí a kò lò sí. Kí Kétu wà nínú ìtàn. Kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ogún ayé fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, wà nínú iṣẹ́ ọnà. Kí Ifá wà nínú ẹ̀sìn tàbí filosófì. Nínú SVT, kí a béèrè ohun tí ó ń sọ èso igi igbá di irú. Nínú ìṣirò, ìdí tí 45 fi ń jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Bí ìtàn bá ní ìbéèrè 4, kí ọ̀kan jẹ́ ti ilẹ̀ Yorùbá àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, ọ̀kan ti Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò, ọ̀kan ti ìyókù Áfíríkà, ọ̀kan ti ayé tí ó kù.

Bí a ṣe lè kọ ọ̀kan nínú wọn nìyí, láti ibi tí ó ṣókùnkùn lọ sí ibi tí ó mọ́lẹ̀:

«Ìtàn sọ pé Ẹdẹ ni ọba tí ó kó àwọn ènìyàn wá tẹ ìlú yìí dó síbi tí ó wà. Ní 1853, Samuel Àjàyí Crowther ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dànhọ̀mẹ̀, pa á run, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì padà wá lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin. Ẹnubodè rẹ̀ tí ń jẹ́ Àkàbà Ìdẹ̀nà ṣì dúró. Fún àmì 10, ẹ dárúkọ ìlú Alákétu.»

Gbogbo ọmọ ni ó lè dáhùn nígbà tí a bá dé Alákétu. Ọmọ tí ó ti ka ìtàn ogun náà yóò tẹ agogo ní 1886. Ọmọ tí bàbá àgbà rẹ̀ ń sọ̀tàn fún ní alẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ ní Ẹdẹ, kí ọmọ oníwèé tó gbọ́rí. Bí a bá fi Alákétu ṣáájú, ìka ọwọ́ nìkan ni a dán wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Bí a bá fẹ́ ka ìbéèrè ní Yorùbá fún ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti Ifẹ̀ ti Tógò pọ̀, kí òǹkàwé ti ka ìbéèrè náà sókè ní ilé lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí pé ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ kì í ṣe ọ̀kan náà, agogo kì í sì í dúró de àtúnṣe. Ẹ̀ka èdè wa yàtọ̀ síra, ìdáhùn náà yóò sì máa yàtọ̀. Nítorí náà, kí a kọ gbogbo orúkọ tí ó tọ̀nà sínú ìwé adájọ́ kí ọjọ́ tó pé. Níbi tí ìdáhùn bá jẹ́ Porto-Novo, kí a kọ Àjàṣẹ́ àti Hogbonou sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má baà gba àmì lọ́wọ́ ọmọ tí ó pe ìlú rẹ̀ ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é.