Àgbàlá Gbígbá àti Koríko Gbígbìn: Ìtàn Ìtọ́jú Àyíká Ilé ní Adja-Ouèrè

Adja-Ouèrè, olú ìlú kọmúùnù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní ẹ̀ka Plateau ní gúúsù ìlà-oòrùn Benin, wà lórí ilẹ̀ tí igbó àti ọ̀dàn ti jọ ń dù láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àlàfo Dàhòmì ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe gbogbo àgbègbè náà, ìyẹn ibi tí igbó kìjikìji tó bẹ̀rẹ̀ láti Sierra Leone, tó sì lọ títí dé Cameroon, ti já láàárín, tí ọ̀dàn sì gba ojú àlàfo náà dé etí òkun. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 1,000 mílímítà lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wá: òjò àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta sí oṣù keje, òjò àrọ̀kúrò láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, kí ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ tó gba ilẹ̀. Koríko tó ga dé orúnkún ní oṣù kẹfà ti di ohun ìdáná kó tó di oṣù kìn-ín-ní, bí a kò bá sì fi èyí sọ́kàn, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń tọ́jú àyíká ilé wọn kò ní yé ni.

Àwọn ẹ̀yà Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀, ìyẹn àwọn Nàgó àti àwọn Ọ̀họ̀rí tí àwọn Faransé ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí Holli, kì í fi koríko bo ojúde wọn. Àgbàlá, ìyẹn ilẹ̀ gbalasa tí àwọn yàrá agbo ilé yí ká, ni wọ́n ń ro, tí wọ́n ń lù kó tẹ́, tí wọ́n sì ń gbá lójoojúmọ́. Ejò kì í rí ibi fara pamọ́ sí lórí ilẹ̀ tó mọ́. Iná tí àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ń dá sí ọ̀dàn nígbà ọyẹ́ kì í sì rí nǹkan jó dé ìdí ògiri, èyí tó ṣe pàtàkì gidigidi láyé tí òrùlé fúnra rẹ̀ jẹ́ koríko. Orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń sá àgbàdo, èkùrọ́ àti ẹ̀gẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú. Ewéko kò ṣàìsí nílé o: pèrègún wà lójúbọ, ewé àgbo wà lẹ́yìn ilé. Ẹ̀kan pàápàá, koríko tí àgbẹ̀ kórìíra lóko nítorí gbòǹgbò rẹ̀ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ rìn, ni wọ́n máa ń gé ní ẹ̀ẹ̀rùn láyé àtijọ́ láti fi bo ilé.

Àwọn ìyàwó ilé, pàápàá èyí tó dé kẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn ọmọdé ló ń gbálẹ̀ kí oòrùn tó yọ, ọwọ̀ kò sì wọ́n wọn ní ilẹ̀ tí ọ̀pẹ kún, nítorí pé egungun àárín ewé ọ̀pẹ ni wọ́n ń ha, tí wọ́n ń dì pọ̀. Àwọn ọkùnrin ló ń fi ọkọ́ àti àdá dá ààlà sáàárín ilé àti igbó. Iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n ni, nítorí pé ẹni tó bá ń gbá erùpẹ̀ dànù láràárọ̀ yóò gbẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ jìn.

Irú ìtọ́jú mìíràn bá àwọn Faransé dé, lẹ́yìn tí àdéhùn ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ti fi ààlà pín ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láàárín àwọn àti Gẹ̀ẹ́sì. Gazon, ìyẹn koríko kúkúrú tí a gbìn mọ́ra, tí a sì ń gé kó lè tẹ́ rẹrẹ, ti jẹ́ àmì ọlá nílẹ̀ Faransé láti ìgbà tí André Le Nôtre ti ṣe ọgbà Versailles fún Ọba Louis Kẹrìnlá ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Ẹ̀rọ ìgékoríko tí Edwin Budding gba àṣẹ lé lórí ní England ní 1830 ló sì gbé e dé ilé àwọn tí kì í ṣe ọba. Ní Dàhòmì, ìyẹn orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà náà, ọwọ́ ènìyàn ló dípò ẹ̀rọ. Prestation, ìyẹn iye ọjọ́ tí òfin sọ di dandan fún ọkùnrin láti fi ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́dọọdún, ni wọ́n fi ń ro ojú ọ̀nà àti àyíká ibùdó àwọn aláṣẹ. Àwọn Ọ̀họ̀rí gbógun ti ìjọba náà ní 1914 sí 1915, òfin tó fi òpin sí iṣẹ́ ipá kò sì jáde títí di oṣù kẹrin ọdún 1946. Ẹni tó bá ń yin ẹwà àyíká ilé ìjọba àtijọ́ gbọ́dọ̀ ka làálàá yìí mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tí Ronald Ross ti fi hàn ní 1897 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà, ìmọ́tótó àyíká di ọ̀ràn ìjọba, débi pé ní ìhà Nàìjíríà wolé-wolé ń gba agbo ilé dé agbo ilé kiri. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ti ń gbá tipẹ́ ni wọ́n sábà ń bá.

Àwọn koríko tí a fi ń ṣe gazon fúnra wọn ti rìn jìnnà. Axonopus compressus, koríko ewé fífẹ̀ tó ń rá mọ́lẹ̀, tó sì wọ́pọ̀ nínú ọgbà àwọn ilẹ̀ olóoru, Amẹ́ríkà ló ti wá sí Áfíríkà. Cynodon dactylon, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní koríko Bermuda, ti Áfíríkà kọjá sọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ èpò ni lójú àgbẹ̀ níhìn-ín. Ní Adja-Ouèrè, omi ni gbogbo ọ̀ràn. Axonopus fẹ́ ọ̀rinrin àti ìbòòji, ó sì máa ń gbẹ lóṣù kìn-ín-ní bí a kò bá bomi rin ín. Cynodon a máa gbẹ lókè, ṣùgbọ́n ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ máa ń yè, a sì tún hù nígbà òjò àkọ́kọ́. Lórí ilẹ̀ pupa òkè pẹrẹsẹ tí ìlú náà wà, omi inú ilẹ̀ jìn gan-an, kànga gbígbẹ́ sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá, tó fi jẹ́ pé láyé àtijọ́, inú ilé tó ní ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láti pọn omi nìkan ni gazon ti lè wà ní tútù títí ọyẹ́ fi lọ. Èyí, ju àìmọ̀ lọ, ló jẹ́ kí ó ṣòro fún gazon láti di ti gbogbo ènìyàn.

Páànù ti gba ipò ẹ̀kan báyìí, omi tó ń dà láti orí rẹ̀ sì ń fi agbára lu ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ju bí òrùlé koríko ti ń ṣe lọ. Lórí ilẹ̀ pupa tó rọ̀ yẹn, àgbàrá ń gbẹ́ ìdí ògiri, ìpìlẹ̀ ilé sì ń hàn síta, pàápàá ní ibi tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Cynodon tí wọ́n ń tú dànù lóko lè di ilẹ̀ náà mú, bí a bá gbìn ín sí ibi tí omi òrùlé ń kán sí nìkan, ní oṣù kẹrin, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè mú ilẹ̀ ṣáájú ìsinmi òjò oṣù kẹjọ, tí àárín àgbàlá sì wà ní gbígbá fún àgbàdo àti èkùrọ́ sísá.