Ta Ni Borlaug Lọ Bá?



Àbúrò mi kan gboyè nínú ẹ̀kọ́ ewéko. Yunifásítì méjì ti gbà á fún másítà, ló bá ń bi mí pé èwo ló lórúkọ jù. Èmi tí mo jáde ní póli, tí mo ń fi kálàmù jẹun, kí ni n óò sọ? Ìtàn ni mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ yín náà lẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tó wà ní irú oríta yìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Norman Borlaug, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà. Ní 1933 ó lọ sí Yunifásítì Minnesota, ó sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò àbáwọlé. Ẹ̀ka kan tó ń gba irú wọn ló gbà á, ibẹ̀ ló gbà bọ́ sí ẹ̀kọ́ nípa igbó ọba, ó sì gboyè ní 1937. Iṣẹ́ ìjọba ti ń dúró dè é. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé pé owó ò sí, kó ṣì ní sùúrù ná. Ìyàwó ọ̀sìngín sì wà nílé!

Àsìkò yẹn ló gbọ́ àsọyé Ọ̀jọ̀gbọ́n Elvin Stakman lórí ìpáàrà. Kì í ṣe ti irin o. Irú ebu kan ni, tó ń bo igi àlìkámà bí ìgbà tí irin bá dógùn-ún. Ní 1916 ó ba oko jẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ohun tí Stakman fi hàn ni pé ẹ̀yà ìpáàrà pọ̀, wọ́n sì ń yí padà: àlìkámà tó borí ọ̀kan lọ́dún yìí, òmíràn lè pa á lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ ò rí i pé ìjà tí kì í tán ni!

Borlaug tọ̀ ọ́ lọ, ó lóun fẹ́ kọ́ nípa àrùn igi igbó. Stakman ní kó má há ara rẹ̀ mọ́ igi nìkan, kó kọ́ nípa àrùn gbogbo ohun ọ̀gbìn. Ó gbà. Ó gba másítà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1942, nínú ọgbà kan náà tó ti kọ́kọ́ fìdí rẹmi. Kò wá orúkọ kiri. Èèyàn ló lọ bá.

Ní 1944 ó dé Mẹ́síkò, ìpáàrà tún ń dúró dè é níbẹ̀. Ó fẹ́ máa gbin àlìkámà lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún, ní Sonora àti lórí òkè nítòsí Toluca. Ọ̀gá rẹ̀ ní rárá, inú bí Borlaug, ó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló pẹ̀tù sí i? Stakman náà ni. Nígbà tó fi di 1956, Mẹ́síkò ti ń gbin àlìkámà tó tó o jẹ. Ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà dé ní 1970.

Àjọ Rockefeller tó sanwó iṣẹ́ Mẹ́síkò yìí wà lára àwọn tó gbówó kalẹ̀ dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, níbi tí wọ́n ti bá àrùn ẹ̀gẹ́ wọ̀yá ìjà.

Mo wá bi àbúrò mi pé àrùn wo ló fẹ́ bá jà. Ó ronú títí, ó ní èyí tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ jọ. Kò tíì mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nínú yunifásítì méjèèjì. Ẹ̀yin olùkọ́ ágíríìkì wa, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ ìpàdé.