Ẹ̀lú, Aró àti Ìkánjú: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Àwọn Aláró

 

Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ ìtàn Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé láti wá omi. Wọ́n gé igi kan, igi náà wó sínú odò, ohùn Ọ̀ṣun sì dún láti inú ibú pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Nínú ìtàn yìí, aró ti wà kí ìlú tó wà. Kò yani lẹ́nu pé ìlú aró ni a ń pe Òṣogbo títí dòní.

Inú igbó ni aró ti ń wá. Ẹ̀lú jẹ́ igi tí ń fà mọ́ igi. Àwọn obìnrin a já ọ̀dọ́ ewé rẹ̀, wọn a gún un lódó, wọn a ṣù ú, wọn a sì sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà, wọn a kó eérú sínú ìkòkò tí a lu nídìí, wọn a bu omi lé e. Omi tí ó bá ro sílẹ̀ ni wọn yóò fi rẹ ẹ̀lú fún ọjọ́ mélòó kan, títí yóò fi kan. Aṣọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú rẹ̀ a dà bí ewé tí ó ń pọ́n. Afẹ́fẹ́ ni ó ń pa á láró. Àrẹtúnrẹ ni ó sì ń mú un dúdú.

Nígbà tí mo ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ olúwo mi, aláró ni ìyálé ilé. Bí a bá lọ já ewé Ifá, èmi ni mo máa ń já ẹ̀lú bọ̀ fún Ìyá. Wọn kò ní òṣùwọ̀n kankan. Imú àti ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ bí omi eérú ti mú tó. Wọn a kọ́kọ́ júbà Ìyá Màpó, òrìṣà tí ń ṣọ́ iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, kí wọ́n tó ṣí ìkòkò. Bí aró bá kú, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí eérú.

Ní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta aró tí a fi kẹ́míkà ṣe. Ní ẹ̀wádún 1920, àwọn aláró Abẹ́òkúta ń fi aṣọ funfun láti Manchester ṣe àdìrẹ, àwọn oníṣòwò sì ń wá rà á láti Senegal àti Gánà. Ọjà pọ̀, ìkánjú sì wọlé. Sódà rọ́pò omi eérú, aró òyìnbó rọ́pò ẹ̀lú. Ẹni tí kò mọ sódà lò ń ba aṣọ jẹ́, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn. Ní ẹ̀wádún 1930, Aláké Ladapọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Ọ̀pọ̀ aláró kò gbà, nítorí ọ̀nà tuntun yá ju ti àtijọ́ lọ, ọjà ayé sì ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà.

Èmi kò dá àwọn ìyá wọ̀nyí lẹ́bi. Ebi ọmọ kì í dúró de eérú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: òfin ọba kò lè dá ìmọ̀ tí ọwọ́ ti jọ̀wọ́ padà. Ọwọ́ nìkan ni ó lè dá a padà, gẹ́gẹ́ bí Olóyè Nike Okundaye ti ń ṣe ní Òṣogbo láti 1983, tí ó ń kọ́ ọ̀dọ́ ní àdìrẹ.

Ẹ wo aṣọ tí a wọ̀ wá sí ọdún yìí. Mélòó nínú rẹ̀ ni ó kan omi eérú rí? Ojoojúmọ́ ni a ń fi agbe aláró, àlùkò olósùn àti lékeléke ẹlẹ́fun ṣàdúrà. Bí ọmọ wa kò bá mọ ẹ̀lú mọ́, kí ni agbe yóò jẹ́ létí rẹ̀?

Mo bẹ̀ yín, ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí ó gbin ẹ̀lú kan. Ẹni tí ó bá ní ìyá àgbà aláró, kí ó jókòó tì í nígbà tí ó ṣì ń bẹ.

Kí aró wa má kú o. Àṣẹ.