Wọn Kò Sí Láyé, Síbẹ̀ Wọ́n Wọ Gbọ̀ngàn Òkìkí: Ìtàn Bésíbọ́ọ̀lù Inú Káàdì àti Kọ̀ǹpútà

Ìtàn eré ìdárayá la tún gbé dé lónìí. Ṣùgbọ́n eré tòní yìí kò ní pápá, kò ní òógùn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá a kò sì sí láyé rí. Síbẹ̀, wọ́n ń fẹ̀yìn tì, àwọn èèyàn ń dìbò lé wọn lórí, orúkọ wọn sì ń wọ Gbọ̀ngàn Òkìkí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbá Football Manager, ọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé yín. Tẹ́ ẹ bá ti lo ogún ọdún nínú gèémù yẹn, gbogbo agbábọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ mọ̀ ti fẹ̀yìn tì, àwọn tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bí ló kù. Ọ̀kan nínú wọn á gba ife fún yín títí, lọ́jọ́ kan á ní òun ti rẹ̀, ẹ̀yin náà á sì jókòó, ẹ ò ní mọ ohun tó ń ṣe yín. Ohun tó ń ṣe yín yẹn ni ìtàn wa dá lé.

Kí ló dé tó jẹ́ bésíbọ́ọ̀lù?

Ẹni tí kò bá mọ bésíbọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì fi igi gbá a, ó sì sáré yí ibùdó mẹ́rin ká. Gbogbo rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjà ẹni méjì, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti kà. Ìgbà mélòó ló gbá? Ìgbà mélòó ló yege? Ẹni tó bá ń yege ní ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá, akọni ni. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ìwé ìròyìn lójoojúmọ́.

Ní 1936, àwọn oníròyìn eré ìdárayá dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti yan àwọn tó máa wọ Gbọ̀ngàn Òkìkí Bésíbọ́ọ̀lù. Olùdìbò 226 ni wọ́n, ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gba ìdá 75 nínú 100 ìbò. Ẹni márùn-ún ló rí i gbà: Ty Cobb ní ìbò 222, Babe Ruth àti Honus Wagner ní 215 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, Christy Mathewson ní 205, Walter Johnson sì ní 189. Ọdún 1939 ni wọ́n ṣí ilé náà ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Cooperstown, ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹ wò ó dáadáa, nínú àwọn márààrún, kò sí aláwọ̀ dúdú kankan. A máa padà síbẹ̀.

Dáìsì, káàdì àti iyàrá kan ṣoṣo

Níbi tí nọ́ńbà bá ti pọ̀ tó báyìí, àwọn ọmọdé á fi ṣeré. Jack Kerouac, òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé padà mọ̀, láti kékeré ló ti dá líìgì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Lowell, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Òun ló ya káàdì, òun ló sọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lórúkọ, òun náà ló ń kọ ìròyìn ìdíje tí ẹnikẹ́ni kò wò. Kò fi í sílẹ̀ nígbà tó dàgbà.

Ní 1951, J. Richard Seitz bẹ̀rẹ̀ sí í ta gèémù APBA láti Lancaster, ní Pennsylvania. Ní 1961, Hal Richman gbé Strat-O-Matic jáde. Agbábọ́ọ̀lù gidi kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, tí wọ́n ti ṣírò láti inú ohun tó ṣe lórí pápá. Wàá ju dáìsì mẹ́ta. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mú 1, 2 tàbí 3, káàdì ẹni tó ń fi igi gbá lo máa wò; bó bá jẹ́ 4, 5 tàbí 6, ti ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni. Àròpọ̀ méjì tó kù á wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n yẹn wú mi lórí gan-an ni, torí ó fi ìjà ẹni méjì yẹn sí orí tábìlì.

Nígbà tó di 1968, Robert Coover kọ ìwé ìtàn àròsọ kan nípa J. Henry Waugh, akọ̀wé owó kan tó ń fi dáìsì darí líìgì tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, dáìsì ní kí bọ́ọ̀lù pa ọ̀dọ́mọkùnrin tí Waugh fẹ́ràn jù nínú líìgì náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni dáìsì wà. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó lè yí i padà. Ṣùgbọ́n bó bá yí i padà, gbogbo ohun tó ti kọ sílẹ̀ láti ọdún yìí wá, irọ́ ni.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Gbọ̀ngàn Òkìkí nínú líìgì àfarawé ti yé mi. Àpọ́nlé kò níyì àfi tó bá ṣeé ṣe kí ó má bọ́ sí i fún èèyàn.

Bí wọ́n ṣe ń dìbò fún ẹni tí kò sí

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ará Jámánì kan, Markus Heinsch, gbé Out of the Park Baseball jáde fún kọ̀ǹpútà. Èyí ló jẹ́ kí àwọn èèyàn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi para pọ̀ sínú líìgì kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, alága kan ń darí, kọ̀ǹpútà ń gbá ìdíje. Sáà kan lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà líìgì kan lè pé ọgọ́rùn-ún ọdún nínú gèémù kí àwọn tó dá a sílẹ̀ tó hu ewú.

Ọ̀pọ̀ líìgì báyìí mú òfin Cooperstown lò bó ṣe wà: kí agbábọ́ọ̀lù ti gbá sáà mẹ́wàá, kí ó ti fẹ̀yìn tì fún ọdún márùn-ún, kí ó sì gba ìdá 75 nínú 100. Bí ẹnì kan bá wọlé, ẹni tó darí rẹ̀ á kọ ọ̀rọ̀ ìyìn: ọdún tó dé, ọdún tó fara pa, ife tó gbà.

Àríyànjiyàn sì máa ń gbóná! Ẹnì kan á ní: “Ọ̀gá mi, ní àwọn ọdún tí tiyín gbá, gbogbo èèyàn ló ń gbá home run. Nọ́ńbà yẹn ti wú ju bó ṣe yẹ lọ.” Òmíràn á fèsì pé ẹni tòun gba ife mẹ́rin. Ẹlòmíì sì wà tí wọ́n gbàgbé pátápátá torí pé ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kúrò nínú líìgì, kò sì sẹ́ni tó máa bá a sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí ni kò sí.

Àwọn tó gbá a, tí wọn ò kọ ọ́

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìbò 1936. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbá bésíbọ́ọ̀lù nígbà yẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbá. Wọn kò gbà wọ́n sínú àwọn líìgì ńlá ni. Ní 1920, Rube Foster kó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jọ ní Kansas City, wọ́n sì dá Negro National League sílẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá kì í sábà kọ ìdíje wọn. Bí kò bá sí nọ́ńbà, kò sí káàdì. Bí kò bá sí sáà mẹ́wàá nínú líìgì ńlá, kò sí Cooperstown.

Josh Gibson kú ní oṣù kìíní 1947, ọmọ ọdún 35. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni Jackie Robinson wọ líìgì ńlá. Ní 1966, nígbà tí Ted Williams, aláwọ̀ funfun, ń wọ Gbọ̀ngàn Òkìkí, ó sọ níwájú gbogbo èèyàn pé ó yẹ kí wọ́n fi Gibson àti Satchel Paige síbẹ̀. Ọdún 1971 ni Paige tó wọlé, wọ́n sì kọ́kọ́ fẹ́ fi í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ kí àwọn èèyàn tó fárígá. Gibson wọlé ní 1972. Martín Dihigo tẹ̀ lé wọn ní 1977. Ọmọ Matanzas ní Kúbà ni, agbègbè kan náà tí àṣà àwọn Lùkùmí, ìbátan wa, ti fìdí múlẹ̀.

Àwọn olùwádìí kò dúró. Wọ́n tú ìwé ìròyìn àtijọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka ìdíje lẹ́yìn ìdíje. Ní 2009, Strat-O-Matic gbé káàdì àwọn akọni Negro Leagues jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, èèyàn lè wá jókòó nílé kí Gibson dojú kọ àwọn tí òfin kò jẹ́ kó bá pàdé! Ní 2020, wọ́n kéde pé líìgì ńlá ni méje nínú àwọn líìgì wọ̀nyẹn. Ní 2024, nọ́ńbà wọn wọ ìwé àkọsílẹ̀ gbogbogbòò: Gibson yege ní ìgbà 372 nínú 1,000, Ty Cobb, ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ní 1936, ní 367.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè rí

Mo fẹ́ kí n fi ẹnì kan kún un. Buck O'Neil gbá bọ́ọ̀lù fún Kansas City Monarchs, ó tún darí ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, ó lo ọdún púpọ̀ láti máa rin ìrìn àjò, ó ń sọ ìtàn àwọn tí ayé ti gbàgbé. Ní 2006, ìgbìmọ̀ pàtàkì kan yan ẹni 17 láti Negro Leagues àti àwọn tó ṣáájú wọn. Effa Manley wà níbẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ nínú Gbọ̀ngàn náà. O'Neil kò sí nínú wọn. Síbẹ̀, òun ló dúró níwájú èrò lọ́jọ́ ayẹyẹ, tó sọ̀rọ̀ nítorí àwọn tó wọlé. Kò fajúro. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ọmọ ọdún 94. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orúkọ rẹ̀ wọlé.

Ẹ fi nọ́ńbà O'Neil nìkan sínú kọ̀ǹpútà, kò ní wọlé láéláé. Ohun tó ṣe kò sí lórí káàdì. Mo fẹ́ràn líìgì àfarawé, mo sì rò pé ó ti ṣe ju eré lọ, torí ó jẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ mọ Gibson. Ṣùgbọ́n káàdì Gibson kò bá má sí bí kò bá sí àwọn tó ń sọ orúkọ rẹ̀ kí nọ́ńbà tó dé.

Ẹ ronú nípa àwọn agbábọ́ọ̀lù àdúgbò yín, àwọn tí bàbá yín máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè mú wọn. Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ fi orúkọ kan àti ìtàn kan ránṣẹ́ sí wa, a máa kà á síta. Ó dìgbà kan ná o.